Ẹran Tó Wà Ní Etí Àwo

Ní ọjọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń kọ oúnjẹ tí ẹlòmíràn jẹ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n máa ń fi kọ́ sí ẹsẹ̀ ibùsùn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ibì kan wà tí èèyàn máa fàmì sí. Bó bá jẹ ìlàjì, ibòmíràn ni. Bí kò bá fọwọ́ kàn án rárá, ìyẹn náà ní àyè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó kó àwo kúrò á kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Mo ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ní Ìwéré-Ilé tí wọ́n bí mi sí, ọmọ tó bá dúró ti àgbàlagbà tó ń jẹun, tó wá ń wo ẹnu rẹ̀, wọ́n á ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Níbí, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí. Mo mọ̀ pé ohun kékeré ni. Àwọn tó ti rìnrìn àjò ṣáájú mi ti sọ fún mi nípa òtútù, wọ́n ti sọ nípa oòrùn tó máa ń wọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní kí n ra bàtà tó nípọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé màá máa wo ẹnu àgbà.

Ilé ìwòsàn náà wà ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn arúgbó tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ ló wà ní wọ́ọ̀dù wa. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n á gbé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Láwọn ọjọ́ tó kù, wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe dìde lórí àga láìdi nǹkan mú, bí wọ́n á ṣe rìn, bí wọ́n á ṣe gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n lè padà sí ilé ara wọn. Iṣẹ́ tèmi ni láti wẹ̀ wọ́n, láti gbé oúnjẹ fún wọn, kí n sì kọ ohun tí wọ́n jẹ sílẹ̀.

Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mo fi gboyè ní yunifásítì kí n tó kúrò nílé. Mo ní láti tètè sọ èyí, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ẹni tó bá ka ìyókù lè rò pé àìmọ̀ ló ṣe mí. Kì í ṣe àìmọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kì í mú ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ nìkan lọ. Ó máa ń fa díẹ̀ lára ohun tí iṣan fi ń lágbára lọ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹran, ẹyin àti ẹja tó wà nínú àwo arúgbó tó ń lo ẹ̀rọ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìgbádùn, oògùn ni. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò rí, mo sì gba máàkì tó dára.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò sunkún lẹ́ẹ̀kan. Mo ń retí ẹkún náà, torí gbogbo èèyàn ló sọ pé ó ń bọ̀. Kàkà kó wá, ńṣe ni gbogbo ara mi dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Bí èèyàn bá jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́, ẹsẹ̀ náà á kú. O lè fọwọ́ gbá a, o máa gbọ́ ìró rẹ̀, o mọ̀ pé tìrẹ ni, ṣùgbọ́n bí ìgbà tí èèyàn ń gbá ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Bí mo ṣe rí nìyẹn, látorí dé ẹsẹ̀. Mò ń jí, mò ń wọ ọkọ̀, mò ń kí awakọ̀ ní èdè wọn, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń padà sí yàrá mi. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé inú mi dùn, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ní ṣé inú mi bà jẹ́ ni, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni náà ni màá sọ.

Ọjọ́ Àìkú ni màmá mi máa ń pè mí, tó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ohùn kíláàsì kò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo jẹ?"

"Búrẹ́dì ni, Mọ́mì."

"Àti kí ni?"

"Búrẹ́dì àti tíì."

"Ìyẹn ni ti àárọ̀. Ọ̀sán ńkọ́?"

"Ìyẹn ni ti ọ̀sán, mà."

Ó ní, "Ẹni tó kàwé oúnjẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé ibi tó yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Ó kù díẹ̀ kí n pé oṣù mẹ́rin níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Bàbá Túnbọ̀sún wá sí wọ́ọ̀dù wa. Mísítà Àmọ̀ó ni wọ́n kọ sí pátákó tó wà lókè ibùsùn rẹ̀. Mo ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sún mọ́ ọn, orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó rò ó.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ó wo orúnkún mi, kò wo ojú mi. "Níbo ni wọ́n ti bí èyí?"

"Ìwéré-Ilé, sà."

"Ìwéré-Ilé." Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn oníkáṣú. Ará Ofiki ni mí. Dìde, kí wọ́n má lọ rò pé o ṣubú, wọ́n á ní ká kọ ọ́ sínú ìwé."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà nílùú yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Túnbọ̀sún, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà. Òun nìkan ló ń gbé nínú fúláàtì kan, àtẹ̀gùn méjìlá ló sì wà kí èèyàn tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n máa ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá lè dá gun àtẹ̀gùn méjìlá, á padà sílé. Bí kò bá lè gùn ún, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń lọ, ní ìlú mìíràn tí kò ti mọ ẹnì kankan. Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò tó fi ń sùn. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ ṣòkòtò náà, á kọ́kọ́ yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, á dì í mọ́wọ́ títí wọ́n á fi gbé ṣòkòtò mìíràn wá.

Nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n máa ń gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan síwájú àga rẹ̀, kó lè máa wà á bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ nínú ọ̀pá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rọ. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé iṣu láti Ofiki lọ sọ́jà Ṣakí. Ó sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó tì í, àtìgbà náà la ti ń lọ sí Ṣakí.

"Ṣé a ti dé?"

"A ò tíì kúrò l'Ofiki, sà."

"Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe ń wà á yìí?"

"Iṣu yẹn ló wúwo, sà."

"Ìwọ náà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn, kó fúyẹ́."

Ọjọ́ kejì tó dé ni ọ̀rọ̀ ẹran bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì, kárọ́ọ̀tì àti itan adìyẹ kan wá fún un lọ́sàn-án. Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ kárọ́ọ̀tì, ó rọra fi fọ́ọ̀kì ti adìyẹ náà sí etí àwo, kò sì fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó ti àwo síwájú mi.

"Gbà, jẹ ìyẹn."

"Tiyín ni, sà."

"Bí kì í bá ṣe tèmi, ṣé mo lè fún ọ?"

"Wọn ò gbà wá láyè, sà."

"Ta ni wọn?"

Mo wẹ̀yìn. Mo fa kọ́tìnnì. Mo jẹ adìyẹ náà ní ìdúró, mo sì fi tíṣù nu ọwọ́.

Mo ti gbìyànjú púpọ̀ láti ṣàlàyé fún ara mi ìdí tí mo fi jẹ ẹ́. Mo lè sọ pé nílé wa, bí àgbà bá ṣẹ́ ẹran kù fún ọmọ, tí ọmọ náà kọ̀ ọ́, ọmọ náà ti dójú ti àgbà, òótọ́ sì ni. Bàbá mi tó jẹ́ àgbẹ̀ kì í jẹ ẹran rẹ̀ tán. Kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Á kàn ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran á wà nínú ọbẹ̀ tó kù, àwa ọmọ sì mọ̀ pé tiwa ni. Ó kú lọ́dún tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹran tí ẹnì kan ṣẹ́ kù fún mi mọ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń kíyè sí i. Nígbà tí mo fi adìyẹ Bàbá Túnbọ̀sún sẹ́nu, ó dùn, ó sì ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dùn lẹ́nu mi. Mo rò pé òótọ́ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àwọn ìdí tó kù, ẹ̀yìn ìgbà tí mo jẹ ẹ́ ni mo wá wọn jáde.

Àwo ti ṣófo. Mo mú fọ́ọ̀mù, mo fàmì síbi tí wọ́n kọ "ó jẹ ẹ́ tán" sí, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ẹja ni, á yọ egungun rẹ̀ fún mi. Bó bá jẹ́ ẹyin, á gé e sí méjì, á sì fi ìlàjì tó tóbi jù sílẹ̀. Mo dẹ́kun mímú búrẹ́dì wá síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sọ fún màmá mi pé bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ará Ofiki, tó máa ń ṣẹ́ ẹran kù fún mi.

Ó ní, "Bíi bàbá rẹ." Kò béèrè ohun tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n máa ń ṣírò iye kílò tó yẹ kó wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa omi tó pọ̀ jù kúrò lára rẹ̀. Iye yẹn ni ẹ̀rọ máa ń fà á dé, kì í kọjá rẹ̀. Ti Bàbá kò yí padà. Lọ́sẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta, iye kan náà ni. Fọ́ọ̀mù ń sọ pé ó ń jẹun tán. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn wò ó, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Itan rẹ̀ ti ń tín-ín-rín. Aago ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ̀ lọ sí ìgúnpá. Lọ́wọ́ kejì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jin, kò ní tètè padà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá sọ̀rọ̀ pẹ́. Lórí kẹ̀kẹ́, kò béèrè Ṣakí mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo bá a tó kọjú sí fèrèsé. Ife omi tí wọ́n máa ń fún un, wọ́n ti dín in kù sí ìlàjì.

"Wọ́n ní mò ń jí omi mu," ó wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Dókítà. Ó ní ẹsẹ̀ mi wú. Ó ní ibo ni omi náà ti wá." Ó fi ahọ́n kan ètè rẹ̀ tó ti gbẹ. "Bí mo ṣe dàgbà tó yìí."

"Ṣé ẹ mu ún, sà?"

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà ń bi mí."

Mo ti mọ ìdáhùn kí n tó béèrè, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbàgbé pé mo béèrè. Ìwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi àti ẹran ara. Bàbá ń gbẹ, omi sì ń wọlé síbi tí ẹran ara ti kúrò, iye kílò kan náà ló ń jáde lójú ìwọ̀n. Bí fọ́ọ̀mù bá ti sọ pé kò jẹun tó, ẹnikẹ́ni nínú wọn ì bá ti rí i. Orúkọ tèmi ló wà lábẹ́ fọ́ọ̀mù náà, lójoojúmọ́. Mo dúró níbẹ̀, mò ń retí kí àyà mi já. Kò já. Mo bá a tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, mo sì lọ sọ́dọ̀ aláìsàn tó kàn.

Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó lè sọ ọ́ jáde. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bá ara mi jà ní ọjọ́ méjèèjì yẹn. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló ń bà mí, ẹ̀rù ìwé ìgbélùú mi ń bà mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà jìnnà, bí ariwo tó ń ti ilé kejì wá. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n mú Bàbá lọ síbi àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ó gun ẹyọ kan, ó gun èkejì, ó gun ẹ̀kẹta. Lórí ẹ̀kẹrin, ó dúró. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ibi tó máa jókòó sí, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn kọ nǹkan sínú ìwé tirẹ̀. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, ó di kọ́kọ́rọ́ mú, kò sì wo ẹnì kankan.

Mo lọ bá Mégì, nọ́ọ̀sì àgbà wa, nínú yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí. Obìnrin tó ga ni, ó máa ń ki péńsùlù bọ inú irun rẹ̀.

"Èmi ni mò ń jẹ ẹran Mísítà Àmọ̀ó," mo wí.

Ó gbé ike oògùn sílẹ̀. "O ní kí ni?"

"Ẹran, ẹja, ìlàjì ẹyin. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé ó jẹ ẹ́ tán. Kò jí omi mu."

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó máa pariwo. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

Mo ní rárá. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́ pátápátá, mi ò sì lè sọ irú ebi tó jẹ́ fún un. Mo ṣàlàyé bí àgbà ṣe ń ṣẹ́ ẹran kù nílé wa. Mo ṣàlàyé rẹ̀ pẹ́ jù. Mo sọ nípa bàbá mi, mo sọ nípa abọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi," ó wí. "Ṣùgbọ́n o fọwọ́ sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó yọ péńsùlù kúrò nínú irun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, dókítà dín iye kílò tí wọ́n ń lépa kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi náà kúrò lára Bàbá díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbọ́ pé dókítà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n sún ìpàdé náà síwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní tèmi, wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, wọ́n sì gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ fún aláìsàn kankan títí wọ́n á fi tún mi kọ́. Mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn, torí aṣọ ibùsùn kì í fún èèyàn ní nǹkan kan.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, Mégì sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi.

"Kò jẹ ẹ́," ó wí.

"Kò jẹ kí ni, mà?"

"Ẹran. Ó ń fi sí etí àwo lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún un báyìí ní kí ó jẹ ẹ́, ó ní rárá, ọmọ kan ń bọ̀ wá gbà á. Ẹran á tutù, a ó kó o dànù."

Ó ń dúró dè mí. Ọjọ́ márùn-ún ló ti ń ṣẹ́ ẹran kù fún ẹni tí kò wá. Mo di etí aṣọ ibùsùn mú, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i, torí bí mo bá lọ, á ṣẹ́ ẹran kù. Bí mi ò bá lọ, á ṣẹ́ ẹran kù náà ni.

Mi ò dúró di ọjọ́ Àìkú. Mo pe màmá mi lákòókò ìsinmi ọ̀sán, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìwé ìkìlọ̀ náà pẹ̀lú.

"O jẹ oògùn aláìsàn," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"O sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Mo ń gbọ́ ìró ọ̀kadà tó ń kọjá níwájú ilé wa. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ronú. "Nígbà tí gbogbo yín bá ti wọlé ẹ̀kọ́, tó bá ku èmi àti bàbá rẹ nílé, kì í ṣẹ́ ẹran kù o. Ó ń jẹ ẹ́ tán. Ó ń fọ́ egungun. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ta ni òun fẹ́ fi sílẹ̀ fún, ṣé ewúrẹ́ ni?"

"Kí ni kí n wá ṣe, mà?"

"Jẹ́ kó mọ̀ pé kò sí ọmọ nílé."

Mégì gbà kí n gòkè lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kúnlẹ̀. Ara Bàbá ti yá díẹ̀, ètè rẹ̀ kò gbẹ mọ́. Àwo ọ̀sán ṣì wà níwájú rẹ̀, ẹran màlúù méjì sì wà ní etí rẹ̀.

"O pẹ́," ó wí. "Gbà."

"Mi ò lè gbà á, sà. Mo wá sọ fún yín pé mi ò sí ní wọ́ọ̀dù yìí mọ́."

"Ṣé wọ́n bá ọ wí nítorí ẹran?"

"Ẹ̀bi tèmi ni, sà. Ẹran yẹn ló yẹ kó gbé ẹsẹ̀ yín gun àtẹ̀gùn. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́, òun ni wọ́n ṣe pè yín ní olè omi."

Ó ń wo ẹran náà.

"Ọmọ ni mo ní kó jẹun," ó wí níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ má ṣẹ́ nǹkan kù fún mi mọ́. Mi ò sí níbí."

"O ò sí níbí." Ó wò mí látòkè délẹ̀. "O kúnlẹ̀ síwájú mi, o ní o ò sí níbí. Ará Ìwéré."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Dìde. Máa lọ síbi tí o wà."

Mo jáde. Mo dúró sí kọ́rídọ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí kò ti lè rí mi, mo sì dúró títí wọ́n fi ti kẹ̀kẹ́ àwo jáde. Àwo tirẹ̀ ló wà lókè. Kò sí nǹkan kan ní etí rẹ̀.

Mo ti rò pé inú mi máa dùn. Ohun tí mo rí gbà ni pé gbogbo ara bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, bí ẹsẹ̀ tó kú ṣe máa ń ta èèyàn bó bá fẹ́ jí. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, mo jókòó sórí ìdérí rẹ̀, mo sì sunkún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró, ara mi sì tún dákẹ́. Mo bọ́jú, mo lọ pààrọ̀ aṣọ ibùsùn tó kù.

Ó gun àtẹ̀gùn náà lọ́jọ́ tó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ìpàdé. Mégì ló sọ fún mi. Ó ní ó sinmi lórí ẹ̀kẹfà, ó sì sọ nǹkan kan ní èdè wa tí kò yé ẹnì kankan níbẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ kan tí òun gbọ́ bíi "Ṣakí." Ìpàdé náà kò pẹ́. Wọ́n gbé e lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti ń wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn nígbà tí mo sáré jáde lọ kí i pé ó dàbọ̀.

"Wá sílé," ó wí. "Ní tèmi, kò sí fọ́ọ̀mù."

Mo béèrè lọ́wọ́ Mégì. Ó bá àwọn ọ̀gá sọ ọ́, ó wá dá mi lóhùn pé kí n lọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú rẹ̀, kí n má lọ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Ó tó oṣù kan kí n tó lọ. Mo ń wá àwáwí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá débẹ̀, kò ní sí nǹkan kan tí màá ní lọ́kàn, màá kàn jókòó síbẹ̀ bí àpò.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Mo ka àtẹ̀gùn náà bí mo ti ń gùn ún, méjìlá ni lóòótọ́. Ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Iṣu wà lórí iná. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé ìwòsàn pé kó gé e wẹ́wẹ́, kó bọ̀ ọ́, kó da omi rẹ̀ nù, kó sì tún fi omi mìíràn bọ̀ ọ́, kí ohun inú iṣu tí kíndìnrín rẹ̀ kò lè gbà bá omi lọ.

"Àwọn òyìnbó yìí," ó wí, bó ti ń da omi náà nù. "Ìyá mi ń bọ iṣu, ó ń da omi rẹ̀ nù bí yóò bá ṣe èlùbọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní dókítà."

Abọ́ méjì ló gbé kalẹ̀. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ rí. Ó bu tirẹ̀, ó sì bu tèmi lọ́tọ̀, iṣu mẹ́rin àti ẹja odidi kan fún mi, iṣu díẹ̀ àti ẹja odidi kan fún ara rẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀. A jẹun. A sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ Ìwéré tí kì í lọ títí á fi kún, nípa Túnbọ̀sún tó ní òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó jẹ ẹja rẹ̀ tán, títí kan orí. Mi ò wo ẹnu rẹ̀, abọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.

Nígbà tí mo ní mo ti yó, ó na ọrùn, ó wo abọ́ tèmi. Ìlàjì ẹja wà ní etí rẹ̀, apá tó lẹ́ran jù.

"Ta lo fi ìyẹn sílẹ̀ fún?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Ó wò mí bí ẹni pé mo sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í sọ l'Ofiki. "Ṣé èmi ni màá jẹ àjẹkù ọmọ?"

"Ẹ máa nílò rẹ̀ jù mí lọ, sà."

"Jẹ ẹ́."

Mo mú ẹja náà. Ó ti tutù. Bàbá gbé ìgúnpá méjèèjì lé tábìlì, ó sì ń wo ẹnu mi títí mo fi gbé èyí tó kẹ́yìn mì.